Omi Tútù Nínú Ẹ̀rọ Ìfọ̀jẹ̀

Àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ìwé girama ní àdúgbò wa nílùú Ìwó a máa wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára?" Wọ́n á ti jókòó kí n tó dáhùn. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni pé ó dára, kí wọ́n lè lọ sọ fún ìyá wọn. Èmi kì í dáhùn bẹ́ẹ̀. Mo máa ń bi wọ́n pé, tí aláìsàn bá ń bẹ̀ ọ́, tó jẹ́ àgbàlagbà, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, tí ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún sì lè pa á, ṣé o lè wò ó lójú kí o sọ pé rárá? Gbogbo wọn á ní àwọn lè ṣe é. Èmi náà rò pé mo lè ṣe é nígbà tí mo wà ní ọmọdé bíi tiwọn, àṣìṣe mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ènìyàn.

Ràfíátù ni orúkọ mi. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ọ̀nà Olúpọ̀nnà ni oko wọn wà. Mo kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo yege, wọ́n sì gbà mí sí ọsibítù ńlá kan tó wà ní ìlú mìíràn, tí mọ́tò lè gbé ènìyàn dé láti Ìwó láàárọ̀, kó sì gbé e padà ní ìrọ̀lẹ́. Owó oṣù ò tó nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sì tó títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, yàrá kan náà ni mo sì ti lò ó, yàrá ìfọ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí àwọn kan ṣì ń rò pé ńṣe la máa ń da ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sínú agbada, ká fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ìdọ̀tí àti omi tó yẹ kó tọ̀ dànù ló ń kó jọ sínú ara rẹ̀. A ó wá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gba inú rọ́bà lọ sínú ẹ̀rọ. Níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kọjá ní ẹ̀gbẹ́ kan awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, omi tí a ti po iyọ̀ oríṣiríṣi sí ń kọjá ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìdọ̀tí á gba ara awọ náà bọ́ sínú omi, ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ á padà sára. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Omi yẹn ò dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá gbóná, ẹ̀jẹ̀ á gbóná padà sára, tó bá tutù, ẹ̀jẹ̀ á tutù padà sára.

Ní àwọn ọdún 1980 tí mo débẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ̀yin ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n lónìí, tó ń pariwo tó sì ń kọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀, kò sí lọ́dọ̀ wa. Táǹkì ńlá kan la ní, aláìsàn kan ṣoṣo ló sì ń lò ó lẹ́ẹ̀kan. Àwa fúnra wa là ń po omi rẹ̀, ẹ̀rọ amómigbóná kan wà ní ìdí rẹ̀ tó ní bọ́tìnnì tí a fi ń yí ìgbóná rẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀. Tí iná bá lọ, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á dúró sínú rọ́bà, àwa náà á sì sáré fi ọwọ́ yí irin tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri, títí iná yóò fi dé tàbí títí ejìká á fi kú. Ejìká ọ̀tún mi ṣì máa ń rán mi létí tí òjò bá ṣú.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Sísítà Adùkẹ́, ọ̀gá yàrá wa. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo, a sì ń bẹ̀rù wọn ju àwọn dókítà lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan aláìsàn. Omi ni mo ń pò. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ti ìgunpá bọ omi kí n fi mọ bó ṣe gbóná tó, bí ìyá ọmọ ṣe ń ṣe kó tó wẹ ọmọ. Sísítà Adùkẹ́ wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o bímọ sínú táǹkì yẹn ni?" Wọ́n fa èdídí ìdí táǹkì yọ, gbogbo omi tí mo ti fi òwúrọ̀ pò ṣàn lọ sínú gọ́tà. Wọ́n fi tẹmọmítà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n ń fẹ́, wọn ò fẹ́ kó lé, wọn ò fẹ́ kó dín. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn, pẹ̀lú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀yin ń pè ní bípí.

Mo bínú sí wọn nígbà náà. Mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé Sísítà ò lójú àánú, pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń tọ́jú, wọn ò tọ́jú ènìyàn. Mo sì pinnu nínú ọkàn mi pé nígbà tí wọ́n bá fi aláìsàn lé mi lọ́wọ́, wọ́n á rí bí a ṣe ń ṣe àánú.

Ní ọdún kejì ni wọ́n gbé Àfáà Yékínì wá. Ará Ìwó ni wọ́n, ilé wọn ò jìnnà sí tiwa, àwọn àti bàbá mi sì jọ dàgbà ni. Iṣẹ́ Àfáà ni pé kí wọ́n kọ́ àwọn ìyá àgbà ní kéwú, àwọn obìnrin tí wọn ò ráyè kọ́ ọ nígbà èwe, tí wọ́n ti tọ́ ọmọ tán tí wọ́n wá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń kà nínú ìrun. Mẹ́sàn-án ni wọ́n nígbà náà, wọ́n ti ń bá Kùránì bọ̀ láti ọdún márùn-ún, ó ku díẹ̀ kí wọ́n parí. Kíndìnrín Àfáà ló daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo rí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, èmi ni, Ràfíátù." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Alhamdulilahi. Ẹ̀jẹ̀ mi ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ mi."

Bí Sísítà Adùkẹ́ ṣe fi wọ́n lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Àtìní àti Àlàmísì, ìyẹn ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ni wọ́n ń bọ̀, ìyàwó wọn, Ìyá Sàlámátù, ló ń tẹ̀ lé wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wàhálà ti wà. Tó bá ti ku bíi wákàtí kan kí a tú wọn sílẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Àfáà á já wálẹ̀, òógùn á bò wọ́n, wọ́n á bì, ẹsẹ̀ wọn á há, ojú wọn á sì ṣókùnkùn. A ó gbé ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè, a ó fa omi iyọ̀ sínú iṣan wọn, a ó sì dá ẹ̀rọ dúró nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí. Èyí túmọ̀ sí pé ìdọ̀tí tí a fẹ́ kó dànù ò tán, wọ́n á padà sí Ìwó pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á sì wú sí i.

Ọyẹ́ wá dé. Ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe ń rí ní ọ̀dọ̀ wa, ètè á bẹ́, awọ á gbẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń rìn kiri nínú rọ́bà níta ara, òtútù rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Àfáà á máa gbọ̀n, eyín wọn á máa lu ara wọn. Ìyá Sàlámátù á da aṣọ òkè bò wọ́n, á da bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e, á sì máa bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Ràfíátù ọmọ mi, òtútù ò yẹ aláìsàn. Ṣé o ò lè bá wa ṣe nǹkan sí i ni?" Ta ni nínú wa tí wọn ò tọ́ dàgbà bẹ́ẹ̀? Tí ara ò bá yá ní ilé Yorùbá, omi gbígbóná la fi ń wẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná la ń mu, a ó ti fèrèsé, a ó da aṣọ borí. Mo wo ẹ̀yìn, Sísítà Adùkẹ́ ò sí níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnnì, mo yí i díẹ̀ sókè, sí méjìdínlógójì. Láìpẹ́, gbígbọ̀n náà dúró. Àfáà mí kanlẹ̀. Ìyá Sàlámátù súre fún mi.

Mo kọ mẹ́tàdínlógójì sínú ìwé.

Láti ọjọ́ náà, mo ń ṣe é ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá. Mò ń yí i sókè, mò ń kọ mẹ́tàdínlógójì. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Àfáà sì ń já sí i. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ọ̀kan ló ń fa èkejì. Àìsàn ló ń le sí i, bí mo ṣe rò ó nìyẹn, àánú wọn sì túbọ̀ ń ṣe mí.

Ní ọjọ́ Àtìní kan, ẹ̀rọ amómigbóná ìdí táǹkì wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Mo yí bọ́tìnnì títí, tẹmọmítà ò kúrò ní márùndínlógójì. Kò sí táǹkì mìíràn, dókítà ní ká máa lò ó bẹ́ẹ̀. Àfáà gbọ̀n fún wákàtí mẹ́rin, wọ́n gbọ̀n débi pé bẹ́ẹ̀dì ń dún, ojú tì mí láti wò wọ́n. Ṣùgbọ́n a parí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọn ò bì. Ojú wọn ò ṣókùnkùn. Dípò kí n ronú sí i, àbámọ̀ òtútù tí mo fi jẹ wọ́n níyà ló gbà mí lọ́kàn.

Wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe. Nígbà tó di Àlàmísì, mo fẹ́ fi ìgbóná tu Àfáà nínú fún òtútù yẹn. Mo yí bọ́tìnnì kọjá méjìdínlógójì, ó sún mọ́ mọ́kàndínlógójì. Ara Àfáà gbóná, wọ́n sùn lọ fọnfọn, inú mi dùn. Ìyá Sàlámátù ní, "Wò ó bí wọ́n ṣe ń sùn, kí Ọlọ́run bá wa wo tìrẹ náà." Mo na ọwọ́ láti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún un wọ̀n. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú Àfáà yí sókè, apá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo pariwo. Ariwo tí Sísítà Adùkẹ́ kọ̀ fún wa nínú yàrá yẹn, mo pa á dé ìta. Sísítà àti dókítà sáré wọlé, wọ́n gbé ìdí bẹ́ẹ̀dì sókè, wọ́n fa omi iyọ̀ ìgò méjì sí wọn nínú iṣan, wọ́n fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí wọn nímú. Ìyá Sàlámátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ka Yásínì. Ó pẹ́ kí Àfáà tó lajú. Nígbà tí wọ́n là á, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde ni pé, "Ẹ gbé mi lọ sílé. Mi ò wá mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kú sí Ìwó." Wọ́n sì gbé wọn lọ.

N kò lè jẹun ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e. Mo ń rò ó, mo ń tún un rò. Ọjọ́ tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n ni wọ́n dúró. Ọjọ́ tí ara wọn gbóná jù lọ ni wọ́n ṣubú. Mo lọ mú ìwé Àfáà, mo ṣí i láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé kò sí ẹni tó lè rí ohun tí mo ń rí yìí láyé, nítorí mẹ́tàdínlógójì, mẹ́tàdínlógójì ni mo kọ sí gbogbo ojú ewé rẹ̀. Èmi nìkan ló mọ òótọ́. Tí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ mi ò ní bọ́, Àfáà á sì kú. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ronú nípa dídákẹ́. Mo ronú sí i fún ìrọ̀lẹ́ kan odidi.

Ní òwúrọ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú Sísítà Adùkẹ́ àti dókítà, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Sísítà ti ọwọ́ bọ àpò. Wọ́n fún mi ní bírò pupa, wọ́n ní kí n kọ iye tó jẹ́ òótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ irọ́, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bí mo bá ṣe rántí rẹ̀. Mo kọ ọ́ láti ọjọ́ ọyẹ́ àkọ́kọ́ dé Àlàmísì yẹn. Dókítà, ọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ tó dé láti òkè òkun, yọ ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó sì jókòó. Ó ní òun ti gbọ́ níbi tí òun ti kẹ́kọ̀ọ́ pé àwọn kan ń mú omi náà tutù díẹ̀ fún irú aláìsàn báyìí. Ó ní tí a bá ń fa omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí ara sì tún gbóná, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó kù ò ní kún un mọ́, ìfúnpá á já. Tí ara bá tutù, iṣan á fún, ẹ̀jẹ̀ á sì rí ohun gbé e dúró.

"Ká gbé e sí márùndínlógójì ààbọ̀," ló wí.

Sísítà Adùkẹ́ yíjú sí mi. "Ràfíátù, màá fìyà jẹ ọ́, má rò pé mo ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìwọ lo lé bàbá yẹn lọ, ìwọ lo máa lọ mú wọn wá. Má padà síbí láìmú wọn dání."

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìwó. Mo bá Àfáà ní àgbàlá lórí ẹní, wọ́n ti wú, ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Àwọn ìyá kéwú jókòó yí wọn ká, wọ́n ń kà á fún wọn gbọ́ nítorí Àfáà ò lè fi ojú tẹ̀ lé e mọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká padà. A ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀."

"Ràfíátù, ó ti rẹ̀ mí. Mò ń kú nínú ẹ̀rọ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sì ń jí mi. Jẹ́ kó parí lẹ́ẹ̀kan."

"Mélòó ló kù kí àwọn ìyá wọ̀nyí parí?"

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ló dáhùn, "Ó ku súúrà mẹ́rìndínlógún, àwọn tó gùn sì ni."

"Ẹ fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, Bàbá. Òtútù á mú yín, á mú yín gan-an. Ẹ máa bẹ̀ mí, mi ò sì ní gbọ́. Tí ẹ bá tún dákú, mi ò ní wá sí àgbàlá yìí mọ́."

Àfáà gbé ìka kan sókè. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kan."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Mo gbé omi náà sí márùndínlógójì ààbọ̀, Sísítà Adùkẹ́ sì gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó. Kò tó wákàtí kan, Àfáà ti ń gbọ̀n. Ní wákàtí kejì, wọ́n ní, "Ràfíátù, ràn mí lọ́wọ́." Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó dúró. Ní wákàtí kẹta, Ìyá Sàlámátù dìde, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ṣé ọmọ tí a jọ tọ́ nìyí? Ṣé o ò rí ètè wọn ni? Yí i sókè bí o ṣe máa ń yí i!" Mo fà á wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo di ọwọ́ tirẹ̀ náà mú, mi ò sì yí nǹkan kan. Ó pè mí ní aláìláàánú. Mo gbà á. Mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Àfáà ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì ń kọ òótọ́ sílẹ̀. Ó dúró. Ó dúró títí wákàtí mẹ́rin fi pé, títí a fi fa abẹ́rẹ́ yọ.

Àfáà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, wọ́n dìde fúnra wọn. Wọn ò tíì dìde fúnra wọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá Sàlámátù fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bí a ṣe wá ń ṣe é fún wọn nìyẹn, àti fún àwọn mìíràn tí ìfúnpá wọn bá ń já. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun tó ń kọ nọ́ńbà dé, ó rọrùn ju táǹkì lọ, ṣùgbọ́n a kò yí ìwọ̀n náà padà. Sísítà Adùkẹ́ mú ìlérí wọn ṣẹ, wọ́n dá mi padà sídìí omi pípò fún oṣù mẹ́fà, mo sì pò ó láìráhùn. Àfáà lò ju ọdún kan lọ sí i, ó sì ṣojú wọn nígbà tí gbogbo àwọn ìyá mẹ́sàn-án parí Kùránì.

Ọjọ́ tí mo sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò, lẹ́yìn òtútù àkọ́kọ́ yẹn, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo kúnlẹ̀ nínú eruku, mo ní, "Bàbá, èmi ni mò ń yí omi náà sókè láti ìgbà ọyẹ́. Èmi ni mò ń mú kí ẹ dákú."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé o ń yí i. Mò ń rí ọwọ́ rẹ láti abẹ́ aṣọ tí wọ́n dà bò mí. Òtútù á mú mi, màá tọrọ ìgbóná lọ́wọ́ Ọlọ́run, màá sì rí ọ tí o yí i." Wọ́n di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. "Gbogbo ìgbà tí o bá yí i, Ràfíátù, ni mo máa ń dúpẹ́ pé Ó ti gbọ́."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí mi, wọ́n fi síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n yọ orí jáde, wọ́n ní, "Ní Àtìní, má gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi."